Ata Àdùfẹ́ ní Richton Park

Richton Park, Ilẹ̀ Amẹ́ríkà
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Tàwàkálítù,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Èmi wà láàyè. Òtútù ibí kò tíì pa mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbìyànjú lójoojúmọ́.

Èmi Sàláhúdéènì ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Afeezat, ìyàwó Daud, ló ń kọ ọ́, nítorí o mọ̀ pé n kò kàwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kankan kún un. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa dùn létí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ní ilé ìwòsàn, bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ènìyàn pé kò ní í dùn. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní ata. Kọ ìyẹn náà, Afeezat.

Daud ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo kọ̀. Ìbẹ̀wò oṣù mẹ́ta ni mo wá ṣe síbí lọ́jọ́sí, fóònù ni wọ́n sì fi sọ fún mi pé Àdùfẹ́ ìyàwó mi ti kú, pé wọ́n ti sin ín. Èmi ọkọ rẹ̀ jókòó síhìn-ín pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn. Ó di ọdún méjì báyìí. N kò gbé nǹkan yẹn sétí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Lẹ́yìn ilé Daud, ilé onígíláàsì kékeré kan wà. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ilé ló kọ́ ọ. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibí ti ń mú irúgbìn hù nígbà tí ìta ṣì tutù, kó lè ti ní ewé díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Daud ti sọ ọ́ di ibi tó ń da àga tó kán sí. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gíláàsì mẹ́rìndínláàádọ́ta, nítorí nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù bò ó, oòrùn kò lè wọlé. Mẹ́ta fọ́, mo fi ọ̀rá tó nípọn dí i. Mo fi pákó àga wọ̀nyẹn kan tábìlì gígùn méjì. Èmi tí mo ṣọ́ ọgbà irúgbìn tábà ní Ìsẹ́yìn fún ọdún mẹ́tàlélógún, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí.

Irúgbìn ni kò sí. Wá irúgbìn ata Àdùfẹ́ fún mi, ata rodo rẹ̀ yẹn, tó máa ń wà nínú ìgò lórí pẹpẹ ilé ìdáná. Abdulqudus ará Woodridge, tó ń kó ọkọ̀ àlòkù wá sílé, ló mú lẹ́tà yìí wá. Òun ni kí o fi rán padà.

Mo ti sọ fún Daud, mo sì ń sọ fún ìwọ náà: bí ata Àdùfẹ́ bá mú níhìn-ín, tó so, mo dúró ti ọmọ mi. Bí kò bá mú, kí wọ́n dá mi padà sílé kí n lọ máa wo ògiri. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Ata ni yóò sọ ọ́.

Má kọ ọ̀rọ̀ ibojì sí mi.

Sàláhúdéènì


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, 2025

Bàbá Daud, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí ẹ béèrè kò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn mí nígbà tí ẹ lọ. Ọ̀tún ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kú òtútù. Ẹ bá mi kí Daud, ẹ kí Afeezat pẹ̀lú, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má bú u nínú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ olùkọ́, n kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní sùúrù bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ ibojì. N kò ní í kọ ọ́. Mo kàn fẹ́ sọ pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń lọ sí ibi tí n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ, èmi nìkan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń dùn mí, tí mò ń tu koríko. Koríko ibẹ̀ kò mọ̀ pé ọkọ ẹni tó sùn síbẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ó ń hù bó ṣe fẹ́. Àwọn ènìyàn ń béèrè yín. Mo ní ẹ ń bọ̀. Ọdún kejì tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nìyí, wọn kì í sì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì mọ́, wọ́n kàn ń wò mí.

Páànù yàrá yín ti ń jò. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀.

Mo rí ìgò náà lórí pẹpẹ, bí ẹ ṣe wí. Mo da irúgbìn rẹ̀ sínú bébà, òun ni ẹ rí nínú lẹ́tà yìí. Ẹ kú iṣẹ́ gíláàsì. N kò ní í parọ́ fún yín: mo fi irúgbìn yìí ránṣẹ́, mo sì ń gbàdúrà kó má hù. Bí kò bá hù, ẹ óò wá sílé.

Bó bá sì hù, ẹ má bomi rin ín jù. Tábà fẹ́ràn omi, ata kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Èmi àbúrò ìyàwó yín,
Tàwàkálítù


Richton Park
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, 2025

Tàwàkálítù,

Ẹ kú ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á. Irúgbìn dé. Ó pé méjìlélọ́gọ́rin, Afeezat bá mi kà á.

O ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní iṣẹ́ mi. Olùkọ́ ni ọ́, o kọ́ àwọn ọmọ ní ABD. Èmi ni mo mọ irúgbìn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ kí Daud tó sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. O mọ bí a ṣe ń ṣe ebè irúgbìn tábà. A kì í fi ilẹ̀ tútù gbìn ín. A óò to igi sórí rẹ̀, a óò dáná sí i, kí iná pa èso koríko àti kòkòrò tó wà nínú ilẹ̀ náà. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé onígíláàsì, mo to ẹ̀ka igi tó gbẹ sórí rẹ̀, mo ṣáná sí i, mo gbé àga, mo jókòó tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà mi. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, ọkàn mi balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọjọ́ yẹn ni ara mi kọ́kọ́ yá gágá.

Ọkọ̀ pánápáná méjì ló dé. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà bọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ bí ẹni ń lọ sójú ogun. Ará ilé kejì wa, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Stella, ló pè wọ́n. Ó rí èéfín, ó sì rí mi tí mo jókòó tì í tí ẹnu mi ń mì, ló bá rò pé orí mi ti dàrú. Wọ́n da omi sórí iyẹ̀pẹ̀ tí mo fi wákàtí méjì yan. Ọ̀gá wọn fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ rọra-rọra, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀. Daud sáré dé láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, táì rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, wọn kì í dáná lẹ́yìn ilé níbí." Mo ní ta ló sọ fún kòkòrò inú ilẹ̀ pé ìlú òyìnbó ló wà?

Lọ́jọ́ kejì, Stella wá tọrọ àforíjì, ó gbé àkàrà òyìnbó tí n kò lè jẹ wá ní ọ̀sán ààwẹ̀. Nígbà tí Afeezat ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà máa ń yan iyẹ̀pẹ̀ irúgbìn, ṣùgbọ́n inú ófùn lòun ti ń yan tòun. Inú ófùn, Tàwàkálítù, nínú ilé ìdáná, bí ẹran. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi yan iyẹ̀pẹ̀ nínú ófùn ìyàwó Daud, nínú páànù ńlá tó fi ń yan tòlótòló. Gbogbo ilé ń rùn bí oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jóná. Àwọn ará ilé ń ṣínu nínú òórùn oko. Afeezat ń kọ ìyẹn náà báyìí.

Mo ti gbìn ín. Ife ọ̀rá kékeré méjìlélọ́gọ́rin, horo kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún ti yọrí. Mò ń bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni mò ń ṣe.

Ní ti páànù tó ń jò, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù síbẹ̀.

Sàláhúdéènì


Richton Park
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, 2025

Màmá wa ní Ìsẹ́yìn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Mà. Èmi Afeezat ni. Lẹ́tà tèmi nìyí. Bàbá kò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, inú ọkọ̀ mi ni mo jókòó sí níwájú ilé ìwòsàn. Mi ò lè pè yín láti ilé, torí kò sí ohun tí Bàbá kì í gbọ́ nínú ilé náà, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé etí àwọn ti di. Tí mo bá sì pè yín láti inú ọkọ̀ yìí, ẹkún ni n ó máa sun.

Màmá, ata ti ń kú. Méjìlélógójì ló hù nínú méjìlélọ́gọ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ó máa ń dúró dáadáa lálẹ́, tó bá di àárọ̀, ọrùn rẹ̀ á ti rà nísàlẹ̀, á ti dojú bolẹ̀. Omi ni. Mo sọ fún Bàbá, wọ́n ní ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Mo ti ṣe nǹkan kan, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ óò dárí jì mí. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà lójú ọ̀nà tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń ta irúgbìn ata rodo tó ti ní ewé. Mo ra méjìlá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo yọ àwọn tó kú kúrò nínú ife, mo lọ́ ti ṣọ́ọ̀bù sínú iyẹ̀pẹ̀ Bàbá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún ra mẹ́rìnlá. Àárọ̀ ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí Bàbá bá ń kírun nínú yàrá wọn. Wọ́n máa ń pẹ́ gan-an lórí ẹní ìkírun láàárọ̀ báyìí, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbà náà ni mo máa ń ráyè.

Daud kò mọ̀. Ó ní bí ata bá kú, kí bàbá òun máa lọ sílé, ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn.

Bàbá tèmi kú ní Ìwó ní ọdún tí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Mi ò lè lọ. Nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bàbá Daud máa ń jókòó lójú fèrèsé. Wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn fún mi, wọn kì í béèrè bí iṣẹ́ ṣe rí. Wọ́n kàn máa ń sọ pé, "O ti dé." Kò tíì sí ọjọ́ kan tí wọn kò sọ ọ́. Màmá, mi ò fẹ́ wọlé lọ́jọ́ kan kí n má gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ata Màmá Àdùfẹ́ ni wọ́n fẹ́, ti ṣọ́ọ̀bù kì í sì í ṣe ata wọn. Èyí ló ń dùn mí jù. Ó dà bí ẹni pé mo ń parọ́ mọ́ òkú. Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ lórúkọ mi.

Ọmọ yín,
Afeezat


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2025

Afeezat ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹta mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú mi. Jókòó dáadáa.

Kò sí ìgò kankan lórí pẹpẹ. Kò sí i rí. Irúgbìn tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, inú ata tí mo rà ní ọjà ní oṣù Kejì ni mo ti yọ ọ́, mo sá a sórí bébà. Mo parọ́ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé n kò lè kọ̀wé sọ fún un ohun tí n óò sọ fún ọ yìí.

Ọdún kìíní tí wọ́n ṣègbéyàwó, Bàbá Daud ṣe ebè ata fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ilé, ó bomi rin ín bí ìgbà tí ènìyàn ń bomi rin tábà. Gbogbo rẹ̀ kú. Ó sì ti fọ́nnu káàkiri àdúgbò pé ọwọ́ òun ń mú nǹkan hù. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ òun ṣẹ̀sín. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ bá àwọn tó ń gbin ata létí odò, ó ra irúgbìn wọn, ó fi ewé ẹ̀gẹ́ dì í, ó sì lọ́ ọ sórí ebè ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ wà ní ìrun àárọ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ọkọ dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè náà, ó ní, "Ọwọ́ yín mà dára." Wọn kò tíì bí Daud nígbà náà, oyún rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀gbọ́n mi.

Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Afeezat. Ọdún mọ́kànlélógójì. Kò ṣòro, nítorí ọkùnrin náà fẹ́ràn mọ́sáláṣí, kì í tètè dé. Èmi ni mo máa ń bá a ru agbọ̀n ní ìgbà mìíràn. Ata Àdùfẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàárò, ata ẹni ẹlẹ́ni ni, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ìwọ kò parọ́ mọ́ òkú. Iṣẹ́ rẹ̀ lo gbà ṣe.

Ó yẹ kí n ní kí o jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kú. Èmi ni mo nílò kó wá sílé. Èmi nìkan ni mò ń lọ síbojì, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn. Mo gbé lẹ́tà rẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kí n tó lè fèsì, nítorí ìyẹn ni mo fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi yóò bá mi jà, òun sì kọ́ ni mo fẹ́ kó máa bá mi jà níbi tó wà.

Máa rà á. Má ra èyí tó tóbi jù. Bo ìdí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí o bá sì ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ tán, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o sọ gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi yẹn fún un, bó ṣe wà lókè yìí. Ó máa ń mú inú rẹ̀ dùn. Kò sí ohun mìíràn tó máa ń mú inú rẹ̀ dùn.

Fi iná sun lẹ́tà yìí. Kì í ṣe lẹ́yìn ilé.

Ìyá rẹ,
Tàwàkálítù


Richton Park
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 2025

Tàwàkálítù,

Ṣé àlàáfíà ni? Lẹ́tà yìí kò ní í gùn.

Ata dúró dáadáa. Ilẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ti gbé ogójì bọ́ síta, mo fi ìyókù sílẹ̀ nínú gíláàsì. Stella wá wò ó láti orí ọgbà, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo ń bá omi mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wọ ilé onígíláàsì lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Afeezat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín mà dára." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó ń wò mí báyìí bí ó ṣe ń kọ ọ́. Kọ ọ́ lọ, Afeezat.

Daud ń béèrè bóyá mo dúró tàbí n kò dúró. N kò tíì sọ. Ata kò tíì so.

Ṣé o ń sùn dáadáa, Tàwàkálítù? Ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún mi?

Sàláhúdéènì


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá Daud,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń sùn. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ata ẹ̀gbọ́n mi mú. Àdúrà mi kò gbà. Ẹ ti sọ ohun tí ẹ óò ṣe bó bá mú, ẹ kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ti sọ fún àwọn tó ń béèrè pé ẹ kò bọ̀ mọ́. Ó rọrùn ju kí n máa sọ pé ẹ ń bọ̀ lọ.

N óò máa tu koríko. Bí ẹsẹ̀ mi kò bá gbé mi mọ́, n óò bẹ ẹlòmíràn. Ẹ má dààmú. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí ẹ ní kí n gbé síbẹ̀ ti kún lẹ́ẹ̀mejì.

Tàwàkálítù


Richton Park
Ọjọ́ ogún, oṣù Keje, 2025

Tàwàkálítù,

Ata ti so. Àkọ́so pọ́n lánàá. Mo já a, mo gé e sí méjì, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ata rodo ni. Ó ta. Afeezat fi sínú ọbẹ̀ lálẹ́ àná, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù nìyẹn.

Mo ti sọ fún ìyàwó Daud kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má dáwọ́ dúró.

Kọ pé: obìnrin tó ń kọ ìwé yìí ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ra irúgbìn ata, ó ń pààrọ̀ òkú irúgbìn mi. Ó ti dáwọ́ dúró. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Ṣé ẹ̀yin méjèèjì rò pé ẹni tó ṣọ́ irúgbìn fún ọdún mẹ́tàlélógún kò mọ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́? Ewé rẹ̀ máa ń rọ ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, kó tó gbéra. Ewé rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà nígbà tí tèmi jẹ́ mẹ́rin. Iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dúdú, tèmi sì pupa nítorí ófùn. N kò fọ́jú, Tàwàkálítù. N kò kàwé ni.

Bí mo ṣe mọ̀ níhìn-ín ni mo mọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún kìíní, ara lèmọ́mù kò yá, ìrun tètè parí. Mo dé ẹ̀yìn ilé, mo rí Àdùfẹ́ lórí eékún pẹ̀lú oyún nínú, iyẹ̀pẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀, ó ń lọ́ irúgbìn sórí ebè mi, ó sì ń bá àwọn irúgbìn náà sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n má dójú ti òun. Mo padà sí mọ́sáláṣí. Mo jókòó síbẹ̀ títí mo fi mọ̀ pé yóò ti ṣe tán. Ìgbà tí mo wá dé, ó dúró, ó ti fọwọ́, ó ní ọwọ́ mi mà dára.

O mọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Kì í yin ènìyàn. Mo kọ́ ilé fún un, ó ní fèrèsé rẹ̀ kéré. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo ń gbọ́ lọ́dọọdún. Mo mọ̀ pé omi ló ń pa ata. Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí n kò bá bomi rin ín jù, kò ní í kú, bí kò bá sì kú, Àdùfẹ́ kò ní í jí, kò ní í gbé agbọ̀n, kò ní í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Nítorí náà mo ń bomi rin ín, mo sì ń pẹ́ ní mọ́sáláṣí. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní olùfọkànsìn. Irúgbìn ata ló sọ mí di olùfọkànsìn.

Láti oṣù Kẹrin ni mo ti ń pẹ́ lórí ẹní ìkírun níhìn-ín pẹ̀lú, kí ìyàwó Daud lè ráyè.

Nígbà tí mo ní kí o wá ìgò lórí pẹpẹ, mo mọ̀ pé kò sí ìgò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì kù láyé tí yóò parọ́ nítorí mi. O fi irúgbìn ránṣẹ́. Mo ní ẹnìkan wà ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, mo rí ẹnìkejì níhìn-ín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, n kò retí rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń sọ ọ́ fún mi. Ìwọ lo kọ́ Afeezat. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo tó mọ̀ pé Àdùfẹ́ ti kú lóòótọ́. Ohun tí fóònù sọ fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, n kò gbà á gbọ́ títí di ọjọ́ yẹn, nínú ilé onígíláàsì, lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò yí padà. Mo ní bí ata Àdùfẹ́ bá mú níhìn-ín, mo dúró. Èyí tí wọ́n rà níbòmíràn tí wọ́n yọ́ fi rọ́pò tèmi, ata Àdùfẹ́ nìyẹn, kò tíì sí irú rẹ̀ mìíràn rí. Ó ti mú. Mo dúró.

Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Daud ti gba tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Sọ fún àwọn tó ń béèrè pé o kò parọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá dé, má gbé ọkọ́. Jókòó sílé kí o sinmi ẹsẹ̀ rẹ. Júwe ọ̀nà fún mi, èmi ni n óò tu koríko náà, èmi nìkan, mo sì lè pẹ́ níbẹ̀. Páànù náà, n óò wò ó.

Afeezat ń béèrè bóyá inú bí mi. Sọ fún un nínú èsì rẹ pé inú kò bí mi, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún un fúnra mi. Ó ti kọ ìyẹn náà.

Mo ti ń fọ gíláàsì fún ọdún tó ń bọ̀. Omi yóò pọ̀ níbẹ̀.

Ó tó. Kọ orúkọ mi, Afeezat. Kọ orúkọ tìrẹ náà sí i.

Sàláhúdéènì
Afeezat